Ìgò Kékeré Lórí Tábìlì Ìdúpẹ́

Ọ̀sẹ̀ méjì kí Thanksgiving, ọjọ́ Ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, tó dé, ọmọ mi obìnrin wá bá mi ní apartment mi ní Pasadena, lẹ́bàá Houston. Ó kó bébà márùn-ún tí ó gé nínú ìwé ìròyìn kalẹ̀ níwájú mi. Àwòrán ife ọtí ló wà lára wọn, wọ́n sì kọ bí wọ́n ṣe ń po ọ̀kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ rẹ̀.

"Daddy, ẹ bá mi yan méjì nínú àwọn cocktail yìí. Bàbá ọkọ mi ń bọ̀ láti Èkó. Mi ò fẹ́ kí wọ́n padà délé kí wọ́n ní a ò mọ àlejò ṣe."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń wà nítòsí nígbà tí Mummy bá ń po tiwọn. Ẹ ó mọ èyí tí wọn ì bá mú."

Ìyá rẹ̀ ti kú lọ́dún méjì ṣáájú ìgbà náà. Lójú ayé rẹ̀, ohun mímu kan wà tí ó máa ń ṣe fún gbogbo àjọ̀dún: ẹlẹ́rìndòdò ọlọ́sàn, omi ṣúgà pupa, ọsàn wẹ́wẹ́, apálá tí ó gé pẹlẹbẹ, àti yìnyín púpọ̀. Àwọn ará wa ní Houston mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ dùn.

Èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ibi tí èmi náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń po ó, yàtọ̀ sí ìyàwó mi. Ẹni náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

Láti ìgbà tí mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń ṣe sítúwọ́ọ̀dù ní kílọ́ọ̀bù àwọn òyìnbó kan ní Ìbàdàn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò níbẹ̀, mo sì lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lẹ́yìn káńtà ọtí. Ìgbà tí mo kúrò níbẹ̀ ni mo tó lọ sí ilé-ìwé, èmi àti àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Nígbà tí mo fẹ́ gbéyàwó, kí n tó kúrò ní kílọ́ọ̀bù, ìyàwó mi sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀ pé akọ̀wé ni mo jẹ́ ní kílọ́ọ̀bù yẹn. Gbogbo wọn gbà, àfi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tíṣà ni. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ẹ̀yìn kílọ́ọ̀bù, ó rí mi nínú aṣọ funfun, tòwẹ́ẹ̀lì ní apá mi, mò ń bu ọtí fún òyìnbó kan tí kò wo ojú mi. Ó dúró lẹ́bàá ọgbà títí mo fi bù ú tán. Lẹ́yìn náà ó lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ bí ẹni fi ọ̀bẹ pamọ́ sábẹ́ ẹní, ó sì ń jẹ́ kí n rí ìdí ọ̀bẹ náà nígbà tó bá wù ú.

Iṣẹ́ náà kì í tì mí lójú. Irọ́ tí mo gbé lé e lórí ló ń tì mí lójú. Nígbà tí ọmọ mi wà ní kékeré, ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù ilé-ìwé rẹ̀ pé akọ̀wé ni bàbá òun ní kílọ́ọ̀bù tẹ́lẹ̀. Ó gbé e wá fún mi, mo buwọ́ lù ú. Láti ìgbà náà, bí ó bá ń sọ̀rọ̀ mi fún ẹlòmíràn, ibẹ̀ ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ yan ọtí. Ẹni tó bá yàn án dáadáa yóò fi ara rẹ̀ hàn.

Mo wo bébà márààrún. Mo ti mọ èyí tó dára kí n tó ka ìdajì wọn. Mo fi wọ́n sílẹ̀, mo mú méjì tó burú jù. Wàrà àti ọtí kọfí wà nínú ọ̀kan, ẹyin tútù wà nínú èkejì.

Ọmọ mi wo bébà, ó wò mí.

"Wàrà? Ṣáájú ìrẹsì aláta? Daddy, Mummy ò lè yan eléyìí láéláé."

Ó dùn mí. N kò mọ̀ pé yóò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì sọ fún mi rí pé mi ò mọ ọtí yàn. Mo gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo mú méjì mìíràn.

"Èyí tó ní róòmù àti omi èso pupa kíkan yẹn ni kí o kọ́kọ́ gbé jáde. Ó máa ń ṣí ọ̀nà ọ̀fun. Dín ṣúgà rẹ̀ kù. Ìwé yìí ti fi ṣúgà bà á jẹ́. Èyí tó ní wisikí, omi ápù àti atalẹ̀, ẹ̀yìn oúnjẹ ni tiẹ̀, torí ọ̀rá tòlótòló. Má fi yìnyín wẹ́wẹ́ sí i. Yìnyín ńlá ni."

Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lójijì ó dúró.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Ìyá rẹ ló máa ń sọ ọ́."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé. Ó ní ẹ̀kẹta yóò jẹ́ ti ìyá òun, aláwọ̀ pupa, nítorí Big Mummy tí kì í mu ọtí. Big Mummy ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Ó wá sí Houston láti tọ́jú àbúrò rẹ̀ nígbà àìsàn. Lẹ́yìn ikú, ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi ní Missouri City, lẹ́bàá Houston níbẹ̀, kò sì padà sílé mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé tí mi ò níṣẹ́ ní plant, ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo ra àwọn nǹkan náà, mo sì wa mọ́tò lọ sí Missouri City. Ẹ̀gbọ́n ló ṣílẹ̀kùn. Ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ ti lọ rajà ní mall.

"Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló wà nínú àpò yẹn?"

"Ohun tí ọmọ yín ní kí n rà ni."

Ó tẹ̀lé mi dé kíṣìnì. Ó na ọwọ́ sínú àpò, ó fi ìka méjì fa ìgò róòmù jáde bí ẹni gbé òkú èkúté.

"Nínú ilé tí mo ti ń gbààwẹ̀."

"Ilé ọkọ rẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Agbọ́tí Fáráò ti ń dáhùn."

"Nehemáyà náà ṣe agbọ́tí ọba."

"Nehemáyà mọ odi Jerúsálẹ́mù. Ìwọ, kí lo mọ? Yàrá kan ṣoṣo lo ń háyà ní Pasadena, èéfín plant sì ń fún ọ lójú níbẹ̀." Ó gbé ìgò náà kalẹ̀, ó nu ìka rẹ̀ mọ́ ìró. "Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun. Ọtí ò kan ètè mi. Ẹ̀kán kan báyìí, kò kàn án. O gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ yín."

"Bí róòmù yìí bá dé orí tábìlì níwájú bàbá ọkọ ọmọ yìí, màá sọ fún wọn ibi tí o ti kọ́ ọwọ́ ọtí. Kí ọmọ rẹ náà gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ti dákẹ́ fún ọ tó. Àbúrò mi tí mo ń dákẹ́ nítorí rẹ̀, o ti sin ín."

"Àìsàn ló pa á, ẹ̀gbọ́n."

"Ilé tó fẹ́ sí ló pa á."

Mo kó ìgò náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo lè fi dá a lóhùn wà lẹ́nu mi. Mo gbé e mì, mo jáde.

Ohun tí mo gbé mì nìyí. Nínú ohun mímu pupa ìyàwó mi, nǹkan kan wà tí n kò tíì dárúkọ. Ìgò kékeré kan ni, bébà funfun ni wọ́n fi wé e lára, omi kíkorò pupa dúdú ló wà nínú rẹ̀. Bítà ni à ń pè é ní kílọ́ọ̀bù. Ẹ̀kán mẹ́fà péré sínú jọ́ọ̀gì kan. Òun ni kì í jẹ́ kó dà bí omi ṣúgà lásán. Ọtí ni wọ́n fi ṣe é, ọtí líle sì ni. Wọ́n kọ ọ́ sí ara bébà rẹ̀, ní lẹ́tà tín-ín-tìn-ìn-tín.

Ọdún tí ẹ̀gbọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló wá kí wa pẹ̀lú ẹ̀jẹ́ tuntun yìí. Ìyàwó mi wà ní kíṣìnì, ìgò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí. Mo mi orí pé rárá. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀kán mẹ́fà péré," ó ní. "Ọlọ́run ò ní kà á."

"Kò dáa. Wọ́n ní àwọn ò mu ún."

"Kílọ́ọ̀bù ti tú ká o, ọ̀gá. Ẹ̀gbọ́n mi ni." Ó sì kán an sí i.

Ẹ̀gbọ́n mu ife mẹ́ta lọ́jọ́ náà. Ó ń mu ún láti ọjọ́ náà, ní gbogbo Kérésì àti Ọjọ́ Àjíǹde ní Ìbàdàn, àti Thanksgiving méjì ní Houston. Ìyàwó mi á máa wò mí láti apá kejì tábìlì, á máa pa ẹ̀rín mọ́ra.

Ṣùgbọ́n nísinsìnyí ọwọ́ tèmi ni yóò po ó. Ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ ní kílọ́ọ̀bù, bàbá arúgbó kan tí kò mọ ìwé, òfin kan ló ní: ohun tí àlejò bá kọ̀, má ṣe fi sí ife rẹ̀. Mo kórìíra ẹ̀gbọ́n lọ́sẹ̀ náà ju bí mo ti kórìíra ẹnikẹ́ni lọ, mo sì rò ó dáadáa, ẹ̀kán mẹ́fà, ẹ̀kán ogún. Ṣùgbọ́n n kò lè ṣe é. Òfin yẹn nìkan ni mo kó jáde níbẹ̀ tó jẹ́ tèmi.

Lọ́jọ́ Ìdúpẹ́, ooru mú, a sì tan ẹ̀rọ amúlétutù sílẹ̀. Tòlótòló wà lórí tábìlì, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wà níbẹ̀, dòdò wà níbẹ̀. Bàbá ọkọ ọmọ mi jókòó sórí àga tó dára jù. Ọ̀gá àgbà ló jẹ́ nínú iṣẹ́ ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, irú àwọn tó gba àga àwọn òyìnbó ní kílọ́ọ̀bù lẹ́yìn òmìnira. Mo ti po jọ́ọ̀gì mẹ́ta ní kíṣìnì. Ti ẹ̀gbọ́n wà lọ́tọ̀, kò sí bítà nínú rẹ̀. Ìgò kékeré náà wà nínú àpò mi.

Mo gbé róòmù jáde. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n kò ní láyà láti sọ ọ́ níwájú àna, nítorí ẹ̀tẹ́ mi yóò kan òun náà.

Mo tẹ̀ síwájú bàbá náà pẹ̀lú tíréè. Mo bù ú fún un láti apá ọ̀tún, bí wọ́n ti kọ́ wa ní kílọ́ọ̀bù. Ọtí náà dé ibi tó yẹ kó dé, mo yí ọrùn jọ́ọ̀gì díẹ̀ kó má bàa kán sílẹ̀. N kò mọ ìgbà tí ọwọ́ òsì mi ti lọ sẹ́yìn mi. Bàbá náà wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi.

"Bàbá ìyàwó wa," ó ní, "níbo lẹ ti kọ́ èyí?"

"Èwo, sà?"

"Sà" yẹn já bọ́ lẹ́nu mi. Bàbá náà kò fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Ọmọ mi gbójú sókè.

Ní àkókò náà gan-an ni ẹ̀gbọ́n tọ́ ohun mímu tirẹ̀ wò. Ó gbé ife náà kúrò lẹ́nu. Ó tún un mu. Ó gbé e kalẹ̀ tó fi dún.

"Kí lo yọ kúrò níbí?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi.

"Kò sí nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n."

"Irọ́ ni. Ṣé n kò mọ ti àbúrò mi ni? Bí ogún ọdún ni mo fi mu ún. Omi ṣúgà lo bù fún mi. O po ọtí fún àwọn ìyókù ó dùn, o wá ba tèmi jẹ́ nítorí pé mo bá ọ wí."

"Big Mummy, ẹ jọ̀ọ́," ni ọmọ mi ń wí.

"Má jọ̀ọ́ mi! Wọ́n ń bi í níbo ló ti kọ́ ọ, kò lè dáhùn. Ẹ jẹ́ n bá a dáhùn. Akọ̀wé kọ́ ni bàbá yín. Bọ́ì òyìnbó ni. Agbáwo! Mo fi ojú ara mi rí i ní Ìbàdàn, tòwẹ́ẹ̀lì lápá, ó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọ̀mùtí. Bí ó ti ń ṣe yìí náà ló ń ṣe níbẹ̀."

Ọkọ ọmọ mi ń wo àwo rẹ̀. Bàbá rẹ̀ rọra gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

"Daddy?" ni ọmọ mi wí.

"Òótọ́ ni," mo ní. "Ọdún mẹ́sàn-án."

"Ohun mímu Mummy ńkọ́?"

"Èmi ni mo kọ́ ìyá rẹ."

Ó jókòó. Ó ń wò mí bí ẹni ń ka fọ́ọ̀mù. N kò gbàgbé ìwò yẹn. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ lẹ́rán, ó jókòó dáadáa, ara tù ú. Ó wá ti ife rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi pẹ̀lú ìka kan.

"Lọ fi ohun tí o yọ sí i. Agbọ́tí."

Mo lè mú ife náà kí n lọ. Irú rẹ̀ ni mo ṣe fún ọdún mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ mi wà lára mi, kò sì sí ohun tó kù tí ẹ̀gbọ́n tún lè gbà lọ́wọ́ mi. Mo yọ ìgò kékeré náà nínú àpò. Mo gbé e síwájú rẹ̀ bí a ti í gbé ìgò fún àlejò ní kílọ́ọ̀bù, mo kọ ojú ìwé ara rẹ̀ sí i.

"Ohun tí mo yọ nìyí. Ẹ̀yin ni tíṣà. Ẹ kà á."

Ó fi awò rẹ̀ sójú. Mo rí bí ètè rẹ̀ ṣe ń lọ lórí àwọn lẹ́tà kéékèèké. Ó dé ibì kan, ètè rẹ̀ dúró. Ó padà sẹ́yìn, ó tún un kà.

"Ọtí ni," ó ní. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Ọtí ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí ẹ ti ń mu ún."

Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ẹnu rẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀. Ọkọ ọmọ mi kùn pé, "Olúwa o." Mo rò pé inú mi yóò dùn. Fún ìṣẹ́jú kan, inú mi dùn lóòótọ́.

Ọmọ mi mú ìgò náà. Ó yí i káàkiri lọ́wọ́ rẹ̀.

"Daddy. Ṣé Mummy mọ̀?"

Ẹ̀gbọ́n gbójú sókè. N kò tíì rí ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ojú ìkà ni mo mọ̀ mọ́ ọn. Èyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń bẹ̀ mí. Àbúrò kan ṣoṣo ló ní, ó sì ti sin ín sí ilẹ̀ òkèèrè. Mo rántí ìyàwó mi ní kíṣìnì, ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Kò mọ̀," mo ní. "Èmi ni mo máa ń kán an sí i bó bá ti kẹ̀yìn sí mi."

Ẹ̀gbọ́n dìde. Agbára rẹ̀ ti padà.

"Mo mọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti rí ọ ní ẹ̀yìn kílọ́ọ̀bù yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹlẹ́tàn ni ọ́. Àbúrò mi bá aṣebi gbélé kò mọ̀. Ojú mi àti ojú rẹ, ó di ọ̀run."

Ó wọ yàrá rẹ̀. A gbọ́ omi tó ń dà, ó ń fọ ẹnu. Ó fọ ọ́ pẹ́.

Bàbá ọkọ ọmọ mi na ọwọ́ sí ife rẹ̀ tó ti ṣófo, ó wá fà á sẹ́yìn. Kò mọ bóyá ó tọ́ kó ní kí n bu òmíràn fún òun. Ọmọ mi gba jọ́ọ̀gì lọ́wọ́ mi.

"Ẹ jókòó, Daddy."

Òun ló bù ú. Ó bù ú láti apá òsì, ó sì kán sára aṣọ tábìlì. A jẹ tòlótòló náà. Mo gbé ti ẹ̀yìn oúnjẹ jáde, kò sẹ́ni tó mu ún tán.

Láti ìgbà náà, bí mo bá dé Missouri City, ẹ̀gbọ́n á wọ yàrá. Ọmọ mi ní Big Mummy máa ń gbé orúkọ mi sínú àdúrà òru, kì í sì í ṣe fún rere. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ rí mi ní ìsọ̀ ẹran, wọn ò dáhùn nígbà tí mo kí wọn. Mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Thanksgiving mìíràn ku ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ mi wá sí apartment mi. Kò mú bébà kankan wá. Ó kó ẹlẹ́rìndòdò, ọsàn àti apálá kalẹ̀, ó ní kí n kọ́ òun ní ti Mummy. Mo kọ́ ọ. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tó kan bítà, mo gbé ìgò náà fún un.

"Ẹ̀kán mélòó?" ó ní.

"Mẹ́fà."

Ó dorí ìgò kodò, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á sókè. Nígbà tó dé ẹ̀kẹfà, ó dúró.

"Mẹ́fà péré," ó ní. "Bẹ́ẹ̀ ni Mummy máa ń wí. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo máa ń dúró sí ní kíṣìnì, Daddy. Mo gbọ́ wọn ní gbogbo ìgbà."

Mo gbé ọwọ́ kúrò lára jọ́ọ̀gì.

"Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti parọ́ fún mi, ti akọ̀wé àti ti ìgò yìí," ó ní. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ìgò náà pa, ó sì fi sínú àpò tirẹ̀.